Ta Ni Ó Kọ Àròkọ Ọmọ Mi?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án, àkọ́bí mi obìnrin jókòó tì mí nínú ilé ìdáná wa ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ó sì ka ìwé kan sí mi létí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Àròkọ tí yóò fi bẹ̀bẹ̀ àyè ní yunifásítì ni ó ń kà. Bí ó ti ń kà á ni mo ń gbọ́ nípa ọmọdébìnrin kan tí ó rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Áfíríkà, tí ó rí àwọn ọmọ tí wọn kò ní bàtà, tí ó bá ìyá àgbà kan pọn omi ní odò, tí ọkàn rẹ̀ sì yí padà nítorí ìṣẹ́ tí ó fi ojú rí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ ń dán bí àwo tuntun. Nígbà tí ó kà á tán, mo bi í pé, "Ta ni ìyá àgbà tí ẹ jọ lọ pọn omi yìí?" Ó dojú bolẹ̀. Ó ní, "Màmá Ìbàdàn ni, Mọ́mì."

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹni tí ó bí mi lọ́mọ gan-an ni ọmọ yìí ń pè ní Màmá Ìbàdàn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ìyá náà ń gbé. Kànga ẹ̀rọ wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, èyí tí ìdajì àdúgbò máa ń wá pọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Olùkọ́ ni ó jẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ṣì ń ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ láti ojú ìwé kìn-ín-ní dé èyí tí ó kẹ́yìn. Nígbà tí a lọ kí i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọmọ mi fọwọ́ kan korobá, omi tí a ó fi ṣan ewébẹ̀ ni ó sì pọn. Ta ni ó wá gbé ìyá mi lọ sí etí odò?

Ọkùnrin kan tí a san owó fún ni.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ètò wọn ti rí níhìn-ín. Àwa tí a kàwé ní ilé kò mọ irú nǹkan báyìí. Láti 1978 tí ìjọba ti dá àjọ JAMB sílẹ̀, máàkì ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn yunifásítì fún ọmọ. Nígbà tí èmi jókòó ṣe ìdánwò náà, nọ́ńbà ni mo jẹ́ lórí ìwé. Kò sí ẹni tí ó bi mí léèrè irú ènìyàn tí mo jẹ́. Bí máàkì bá pé, ó pé. Bí kò bá pé, kí o lọ tún un ṣe ní ọdún tí ń bọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, máàkì ṣe pàtàkì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tàn yín jẹ lórí èyí. Ohun tí ọmọ ṣe ní kíláàsì fún ọdún mẹ́rin ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kódà, ní Texas níhìn-ín, òfin kan wà láti 1997 tí ó ń ṣí ilẹ̀kùn àwọn yunifásítì ìjọba fún ọmọ tí ó bá wà lára àwọn tí ó ṣe dáadáa jù lọ ní ilé-ìwé rẹ̀, láìwo ẹ̀yìn wò. Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ bá ti pọ̀ ju àyè lọ, tí gbogbo wọn sì ní máàkì rere, wọ́n a máa fẹ́ mọ ẹni tí ó wà lẹ́yìn máàkì náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń béèrè àròkọ.

Fọ́ọ̀mù tí àwọn ọmọ ń lò jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Common Application. Ní 1975 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì 15 pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀, kí ọmọ má baà máa kọ ohun kan náà lákọtúnkọ sí ibi púpọ̀. Lónìí, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì tí ó wà nínú rẹ̀ ti lé ní 1,000. Àròkọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀rọ̀ 250, kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 650 lọ. Ìbéèrè méje ni wọ́n ń tò sílẹ̀ kí ọmọ mú ọ̀kan, èyí tí ó kẹ́yìn sì sọ pé kí ó kọ nípa ohunkóhun tí ó bá wù ú. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ yunifásítì tún ní àròkọ kéékèèké tiwọn lọ́tọ̀. University of California kò tilẹ̀ sí nínú ètò yìí rárá: ìbéèrè mẹ́jọ ni wọ́n ń gbé kalẹ̀, ọmọ yóò dáhùn mẹ́rin, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 350 lọ.

(Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti yín yàtọ̀. Láti orí àwọn tí ó ń wọlé ní 2026, UCAS ti pín àròkọ tiwọn sí ìbéèrè mẹ́ta. Ohun tí wọ́n sì fẹ́ gbọ́ jù ni ìdí tí ọmọ fi fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ tí ó yàn, àti bí ó ti múra sílẹ̀ fún un. Ìtàn inú ilé kò jẹ wọ́n lógún tó bẹ́ẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ 650 kò ju ojú ìwé kan àti díẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá tíì gbìyànjú rẹ̀ yóò rò pé eré ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò fún ọmọ tí a tọ́ bí a ti ń tọ́ ọmọ ní ilẹ̀ wa. A ti kọ́ ọ láti kékeré pé kì í ṣe ẹnu ara ẹni ni a fi ń yin ara ẹni. Ẹlòmíràn ni í ki ni. A ti kọ́ ọ pé ọ̀rọ̀ inú yàrá kì í dé ìta gbangba. Ó wá di ọdún mẹ́tàdínlógún, àwọn àjèjì tí kò rí rí ní kí ó sọ ẹni tí òun í ṣe fún àwọn. Bí ó bá sọ díẹ̀, wọn kò ní mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sọ púpọ̀, ìyá rẹ̀ yóò ní ó tú àṣírí ilé. Èmi náà jẹ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀, bí ẹ ó ti gbọ́ láìpẹ́.

Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó júwe ọkùnrin náà fún wa. Ó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ àròkọ, owó tí ó sì gbà lọ́wọ́ wa ju owó ilé oṣù kan lọ. Ó bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù fún wákàtí kan. Ó bi í bóyá ó ti dé Áfíríkà rí, ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àròkọ dé. Ọmọ mi ka gbogbo rẹ̀, gbólóhùn mẹ́fà péré ni ó rí tí ó jẹ́ ti òun. Nígbà tí mo pe ọkùnrin náà láti bi í léèrè nípa odò tí kò sí, ó dá mi lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Màdáámù, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn."

Mo mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Harvard àti ti University of North Carolina, ó sì fòpin sí kí yunifásítì máa ka àwọ̀ ọmọ sí nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn tí yóò wọlé. Ṣùgbọ́n adájọ́ àgbà, John Roberts, kọ ọ́ sínú ìdájọ́ náà pé kò sí ohun tí ó ní kí wọ́n má ṣe ka ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ bá sọ nípa bí àwọ̀ rẹ̀ ti kan ìgbésí ayé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti sọ ọ́ di òwò, tí wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn fún ọmọ aláwọ̀ dúdú pé ìyà ni kí ó kọ, ìyà ṣáá. Ọmọ tí kò jìyà yóò wá ìyà yá.

Kí n jẹ́wọ́ fún yín: ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà wọ̀ mí létí fún ọjọ́ méjì. Mo ní bóyá ó mọ̀ jù mí lọ. Owó náà sì ń dùn mí. Mo tilẹ̀ sọ fún ọmọ mi pé kí ó jẹ́ kí a fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá Ìbàdàn kò kúkú ní kà á. Ọmọ náà ni ó kọ̀. Ó ní, "Mọ́mì, bí wọ́n bá wá gbà mí, ta ni wọ́n gbà?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Ó ṣe tán, ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe léwu ju bí mo ti rò lọ. Ọmọ a máa fọwọ́ sí i nínú fọ́ọ̀mù náà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. Láti 2023 ni Common Application sì ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹni tí ó bá gbé ohun tí ẹ̀rọ bí i ChatGPT kọ wá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ara rẹ̀ hùwà èrú. Ní 2024, Duke University sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò fún àròkọ ní máàkì mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ṣì ń kà á, nítorí àwọn kò lè gbà mọ́ pé ọwọ́ ọmọ ni ó kọ gbogbo ohun tí àwọn ń rí. Ẹ rí i pé àwọn tí ń ra àròkọ ti bà á jẹ́ fún àwọn tí ń kọ ọ́. Ẹ sì rántí ẹjọ́ tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tí ìjọba fẹ̀sùn kan òbí 33 pé wọ́n fi owó ra ọ̀nà fún àwọn ọmọ wọn, nípa èrú nínú ìdánwò àti nípa pípe ọmọ tí kò gbá bọ́ọ̀lù rí ní agbábọ́ọ̀lù. Àwọn gbajúmọ̀ wà nínú wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n dá fún William Singer, ọ̀gá wọn, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Lóòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wọn tóbi ju tiwa lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni.

Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọmọ mi ni ó wá sọ fún wa nípa ìyá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, tí ó máa ń jókòó ní ilé-ìkàwé àdúgbò ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ láti ran àwọn ọmọ lọ́wọ́. Kì í gba kọ́bọ̀. Mo bá ọmọ lọ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mo jókòó sí ọ̀ọ́kán pẹ̀lú àbíkẹ́yìn mi, mo ń ṣe bí ẹni tí ń kàwé, ṣùgbọ́n etí mi wà lọ́dọ̀ wọn.

Ìyá náà ka àròkọ olówó ńlá wa láti òkè dé ilẹ̀, ó pa á dé, ó sì ní, "Ó dára. Níbo ni ìwọ wà nínú rẹ̀?" Ọmọ mi fi ọwọ́ tọ́ka sí gbólóhùn mẹ́fà náà. Ìyá rẹ́rìn-ín. Kò mú bírò, kò mú pẹ́ńsù. Ìbéèrè ni ó bẹ̀rẹ̀ sí bi í, ìbéèrè tí mo kà sí ìranù nígbà náà. Ta ni ó ń kọ́kọ́ jí nílé yín? Kí ni ẹ jẹ ní àná? Iṣẹ́ wo ni o máa ń ṣe nílé tí ẹnikẹ́ni kò rán ọ? Kí ni ó wà lórí tábìlì ìdáná yín ní báyìí tí a ń sọ̀rọ̀ yìí?

Ọmọ mi ní, "Káàdì."

"Káàdì kí ni?"

Ó dákẹ́. Ó bojú wo ọ̀dọ̀ mi. Mo yára ṣí ojú ìwé sí òmíràn.

Ìyá náà kò tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ó lọ kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa tábìlì náà àti ohun gbogbo tí ó wà lórí rẹ̀, kí ó má ka ọ̀rọ̀, kí ó má bìkítà fún gírámà, kí ó má sì fi han ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n jọ ṣe é. Ohun tí mo rí ìyá náà ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ fi dá olùkọ́ àròkọ mọ̀ bí ọjọ́ bá dé. Kò fi ọ̀rọ̀ ti ara rẹ̀ sínú iṣẹ́ ọmọ náà rí. Bí ọmọ mi bá bi í pé, "Ọ̀rọ̀ wo ni mo lè lò níbí?" yóò ní, "Báwo ni wàá ti sọ ọ́ fún àbúrò rẹ?" Ohun tí àbúrò lè gbọ́ náà ni ó máa ń di ohun tí ó kọ. Ó máa ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ ibi kan tàbí méjì nínú ojú ìwé, a sì wí pé, "Ibí ni mo ti gbọ́ ohùn rẹ." Ibi tí kò gbọ́ ohùn rẹ̀, yóò kọ ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: Nígbà wo? Ta ni ó wí bẹ́ẹ̀? Kí ni o rí?

Nígbà tí iṣẹ́ náà di ọ̀rọ̀ 1,100, ó ní kí ọmọ dìde dúró kí ó kà á sókè. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti gé. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, tí ọmọ mi fi ọjọ́ méjì kọ, ó ní kí ó yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ó ní ọ̀pọ̀ ọmọ a máa gbálẹ̀, wọn a tẹ́ní, kí wọ́n tó jókòó láti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ 650 kò sì ní àyè ilẹ̀ gbígbá. Ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó yọ ọ́.

Bí ẹ bá ti kọ́ ọmọ ní àmàlà rírò rí, ẹ mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ ó dúró tì í, ẹ ó sọ fún un pé omi kò tíì hó, ẹ ó ní iná ti pọ̀ jù, ẹ ó tilẹ̀ gbá ìkòkò mú kí ó má baà yí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ ro àmàlà náà.

Mo bi ìyá náà léèrè ní ọjọ́ kan irú ọmọ tí ó máa ń rọrùn fún un láti ràn lọ́wọ́. Mo rò pé yóò sọ pé èyí tí ó mọ ìwé. Ó ní ọmọ tí wọ́n ń jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ nílé ni. Ọ̀rọ̀ náà gún mi ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ṣì wà ní ẹ̀yìn yín tàbí ní jẹ́lé-ó-sinmi, ẹ ní àǹfààní tí èmi kò lò. Nígbà tí àwọn tèmi bá ti ilé-ìwé dé, ohun tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, "Ṣé kò sí?" wọn a sì ní, "Kò sí." Ó tán. Ìbá sàn kí n bi wọ́n pé ta ni ó pa yín lẹ́rìn-ín lónìí, tàbí kí ni olùkọ́ sọ tí kò yé yín. Ìbá sàn kí n jẹ́ kí wọ́n máa kọ lẹ́tà sí màmá àgbà wọn lóṣooṣù, kì í ṣe kí n gba tẹlifóònù lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn "Ẹ káàárọ̀ mà" kan ṣoṣo. Iṣẹ́ yìí kì í gba owó, kò sì ní kí ẹni náà lọ sí Amẹ́ríkà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí orí tábìlì.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Ìbàdàn kí a tó wá síhìn-ín. Ní Houston, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, mo ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mo lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo sì jáde. Ìdánwò tí a fi ń gba ìwé-àṣẹ ni ó dá mi dúró. Mo ṣe é, mo kùnà. Ẹni tí ó bá kùnà yóò dúró fún ọjọ́ 45 kí ó tó lè tún un ṣe. Mo dúró, mo tún un ṣe, mo tún kùnà. Yàtọ̀ sí ọkọ mi, mi ò sọ fún ẹnì kan. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá béèrè, mo máa ń ní èsì kò tíì jáde. Ọmọ mi ni ó máa ń fi káàdì bi mí ní ìbéèrè ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ kí n tó lọ sí iṣẹ́, ṣùgbọ́n mo gbà pé kò mọ̀ pé mo ti kùnà. Mo ní ọmọdé kò mọ nǹkan.

Nígbà tí àròkọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé tán, ìyá àgbà ilé-ìkàwé dá a dúró. Ó sọ fún ọmọ mi pé, "Ìtàn yìí kì í ṣe tìrẹ nìkan. Gba àṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ kí a tó lọ síwájú." Ọmọ náà gbé e sórí tábìlì fún mi ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì tí mo ti ibi iṣẹ́ dé. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni pé ìyá òun ti kùnà ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò kà á kọjá ibẹ̀. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ tú mi sí ìhòòhò lójú ayé ni? Ṣé gbogbo ohun tí mo ṣe fún ọ, èyí nìkan ni o rí?" Mo ní kí ó lọ dá ti odò padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni a kò fi bá ara wa sọ̀rọ̀ gidi. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí mi, màá ní "Hẹn," màá kọjá. Káàdì wà lórí tábìlì, kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Ọkọ mi kò dá sí i títí di alẹ́ ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo fẹ́ jáde lọ sí iṣẹ́, ó na ìwé náà sí mi. Ó ní, "Kà á tán kí o tó bínú tán."

Ní nǹkan bí agogo mẹ́ta òru, nígbà tí àwọn arúgbó mi ti sùn, mo jókòó sí abẹ́ iná ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kà á. Kì í ṣe nípa ìkùnà mi. Ọmọ náà kọ ọ́ pé òun ń bi ìyá òun ní ìbéèrè lórí káàdì, orúkọ ẹ̀yà ara àti àrùn ń dàrú mọ́ ìyá lójú ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní òun ṣàkíyèsí pé bí ìyá òun bá ń sọ nípa àìsàn ẹnì kan lórí tẹlifóònù ní Yorùbá, gbogbo rẹ̀ a máa yé e yékéyéké. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí pe Màmá Ìbàdàn. Ó ní òun máa ń pè é ní agogo mẹ́wàá alẹ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo bá ti lọ sí iṣẹ́, nígbà tí ó jẹ́ agogo mẹ́rin ìdájí ní Ìbàdàn, nítorí ìyá àgbà náà a máa tètè jí gbàdúrà. Ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kí ni ẹ̀dọ̀, kí ni ẹ̀dọ̀fóró, níbo ni òróòro wà, iṣẹ́ wo ni kíndìnrín ń ṣe? Ó ń kọ wọ́n sí ẹ̀yìn káàdì. Mo rántí. Mo ti rí Yorùbá náà lẹ́yìn káàdì, mo sì rò pé ọmọ náà ń fi kọ́ èdè ni. Kò wá sí mi lọ́kàn pé èmi ni ó ń kọ́.

Ó fi kún un pé nígbà tí òun bá di ọmọ yunifásítì, òun fẹ́ kọ́ nípa bí ọpọlọ ti ń gbé èdè méjì.

Mo dé ilé ní òwúrọ̀, ó ti wọ aṣọ ilé-ìwé tán. Mo sọ fún un pé ohun kan ni mo fẹ́ kí ó tún ṣe. Ó ti kọ ọ́ pé ní ọjọ́ tí èsì kejì dé, ìyá òun ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀. Mo ní, "Èmi kò sunkún. Omi ni mo ṣí." Ó wò mí, ó ní, "Mọ́mì, mo gbọ́ yín." Mi ò dáhùn. Nígbà tí ó padà fi hàn mí, ohun tí ó kọ ni pé omi ń ṣàn nínú ilé ìwẹ̀ fún àkókò gígùn, òun sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà títí ó fi dá. Mo ní kí ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ni ọ̀pọ̀ yunifásítì máa ń gba fọ́ọ̀mù àwọn tí ó bá fẹ́ tètè gbọ́ èsì. Fún àwọn yòókù, ó sábà máa ń di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹjọ ni Common Application máa ń ṣí fọ́ọ̀mù ọdún tuntun, kí ìyá tí ó bá gbọ́n ju mi lọ jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ nígbà ìsinmi gígùn. Àwa sáré. Alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà ni ó fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Nígbà tí èsì dé tán, ibi mẹ́rin kọ̀ ọ́, ibi mẹ́ta gbà á, ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì fún un ní owó tí ó pọ̀ tó kí a lè mí. Mi ò lè sọ fún yín pé àròkọ náà ni ó ṣe é. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òun lè sọ bẹ́ẹ̀ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín ni.

Èmi náà sọ tèmi fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì kí ọdún tó parí. Méjì nínú wọn ní ìdánwò náà ti gbé àwọn ṣubú rí. Ọ̀kan nínú wọn ti ń wá sí ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, a jọ ń lo káàdì.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé ọjọ́ tí ó fi àròkọ náà ránṣẹ́, ọmọ mi pe Màmá Ìbàdàn, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó dákẹ́ díẹ̀, ó súre fún un. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà fi ẹ̀rín sọ ti àròkọ àkọ́kọ́ fún un, ti odò. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá àwọn òyìnbó náà mọ̀ pé kànga ẹ̀rọ wà ní ilé òun. Ọmọ mi ní kò sí nínú èyí tí òun fi ránṣẹ́. Ìyá ní kí ó bá òun fi kún un.

"Màmá, kò sí àyè mọ́," ni ó dáhùn. "Ọ̀rọ̀ 648 ni mo ti kọ."

"Ó ku méjì," ni ìyá mi wí. "Kànga. Ẹ̀rọ."